Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Mọ Igbó Ìlú Ọba

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn òbí ọmọ Yorùbá ní gúúsù ìlà-oòrùn London

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ wá síbí, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo kí ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ti ilé wá bá wa tọ́ ọmọ lọ́tọ̀. Ẹ kú ọmọ títọ́, ẹ kú òtútù. Ọ̀rọ̀ igbó ni mo gbé wá lónìí. Igbó tí mo ń wí kò jìnnà. Ó wà níhìn-ín ní London, púpọ̀ nínú wa ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ tí a kì í sì í yà wọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ sínú igbó, mo sì máa ń kọ́ wọn níbẹ̀. Forest school ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ìgbà tí lẹ́tà bá ti dé ilé pé kíláàsì báyìí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí lọ sígbó, mo ti mọ ohun tí àwọn òbí wa máa sọ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. “Ṣé torí kí ọmọ mi lè máa fi ẹrẹ̀ ṣeré ni mo ṣe ta ilẹ̀ bàbá mi wá síbí?” “Òtútù á mú un.” “Irun tí mo fi odindi Sátidé dì fún un ńkọ́?” “Ìwé ni kí ẹ kọ́ ọ, igi ò sí nínú ìdánwò.” Mi ò fojú kéré ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n ń fi àsìkò ọmọ náà ṣe. Ìdáhùn ni mo wá ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ní Denmark, láàárín àwọn ọdún 1950, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ella Flatau bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ kéékèèké lọ sínú igbó ní Søllerød, ó sì di jẹ́léósinmi tí kò ní ògiri. Àṣà náà tàn dé Jámánì, ìjọba ibẹ̀ sì fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan ní Flensburg ní 1993. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Bridgwater College ní Somerset lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Denmark. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ibẹ̀ ló sì ti tàn ká Ìlú Ọba. Láti 2012 ni ẹgbẹ́ Forest School Association ti wà, àwọn ló ń bójú tó ìlànà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí Denmark, Deptford ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni, Deptford tí a ti ń ra iṣu àti ata rodo yìí náà. Ní 1914, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Rachel àti Margaret McMillan, dá jẹ́léósinmi sílẹ̀ níbẹ̀ nínú ọgbà gbangba. Ọmọ àwọn tálákà ni wọ́n ń gbà. Inú yàrá tó há, tó sì kún fún ọ̀rinrin, ni àwọn ọmọ náà ń gbé. Oòrùn kì í tó wọn, oúnjẹ kì í tó wọn, egungun ẹsẹ̀ àwọn mìíràn sì tẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì yìí fún wọn ní oúnjẹ, wọ́n wẹ̀ fún wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n lo ọjọ́ wọn lábẹ́ ọ̀run láàárín ewéko. Mo sọ èyí fún ẹni tó bá rò pé eré àwọn olówó ni gbogbo èyí. Nítorí ọmọ tálákà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àdúgbò wa yìí.

Forest school kì í ṣe ìrìn àjò ìgbafẹ́ ọjọ́ kan. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ máa padà sí igbó kan náà léraléra, nígbà òjò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ewé ń rẹ̀ àti nígbà tó tún ń rú, títí wọn yóò fi mọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ tó dé ìpele kẹta kó tó lè ṣe é. Ọmọ ló sì máa ń sọ ohun tí òun fẹ́ wádìí, iṣẹ́ olùkọ́ ni kó tẹ̀ lé e, kó ràn án lọ́wọ́. Ibí yìí ni àwọn òbí wa ti máa ń fajú ro, nítorí ilé-ìwé tí àwa lọ, olùkọ́ ló ń sọ̀rọ̀ tí ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣe tán, àwa náà la sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú igbó kí ẹ rí i. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kejì yí ìtì igi kan tó ti ń rà. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn kòkòrò kan wà, àwọ̀ eérú, wọn ò ju èékánná ọmọdé lọ, ẹ̀yìn wọn le, ó sì ní ìlà bí ẹ̀wù ọmọ ogun ayé àtijọ́. Woodlouse ni wọ́n ń pè é níbí. Ọmọ náà mú ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́fà ni, torí olùkọ́ ti kọ́ wọn pé mẹ́fà ni ẹsẹ̀ kòkòrò. Òun ní rárá, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ariyanjiyan bẹ̀rẹ̀. Mi ò dá sí i, gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ni mo na sí wọn. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n rí 14.

Ìgbà yẹn ni mo wá sọ fún wọn pé àwọn kòkòrò yìí kì í ṣe ẹbí èèrà tàbí tata rárá, ẹbí akàn àti edé ni wọ́n, tó fi omi sílẹ̀ wá sórí ilẹ̀. Ohun tó jọ ti ẹja ni wọ́n fi ń mí, ìyẹn ò sì gbọdọ̀ gbẹ, òun ló fà á tí wọ́n fi máa ń fara pa mọ́ síbi tó tutù, tó ní ọ̀rinrin. Ọmọ Yorùbá kan tó wà níbẹ̀ bi mí bóyá a lè fi se ọbẹ̀ bí edé. Mo ní ká kọ́kọ́ wò ó bóyá òótọ́ ni pé ibi tó tutù ni wọ́n fẹ́. A gbé àwo pẹlẹbẹ kan, a da ewé tí omi ti rin sí apá kan, ewé gbígbẹ sí apá kejì, a kó àwọn kòkòrò náà sáàárín. Àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀ yí àwo náà ká, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n ń wò. Nígbà tó ṣe díẹ̀, apá tó tutù ni èyí tó pọ̀ jù lọ wà. Ọmọ tó kọ́kọ́ yí igi ní kí á ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá èèṣì ni. Ẹ̀yin òbí mi, ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá ti mọ̀ pé kí òun tún nǹkan ṣe kí òun tó gbà á gbọ́ ti mọ ohun tí sáyẹ́ǹsì jẹ́. Bí ẹ bá sì ń bèèrè bóyá ó wà nínú ìwé, ó wà. Ètò ẹ̀kọ́ ìjọba England fún Year 2 sọ̀rọ̀ nípa ibùgbé àwọn ohun abẹ̀mí, ó sì dárúkọ kòkòrò yìí gan-an gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, lábẹ́ òkúta, lábẹ́ igi àti láàárín ewé tó já sílẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ àti iná. Èyí ló ń dẹ́rù ba àwọn òbí jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Nínú ìlú yìí, bí a bá gbọ́ ọ̀bẹ àti ọmọdé nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, àyà wa máa ń já. Àwọn kan nínú wa ti bá àwọn ìyá mìíràn sunkún nítorí rẹ̀. Mi ò sọ pé forest school ló máa lé ọ̀bẹ kúrò ní ìgboro. Ohun tí mo lè sọ ni bí a ṣe ń ṣe é. A kì í fún ọmọ ní ọ̀bẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí a fi ń bẹ ànàmọ́ ni a máa fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi bó èèpo igi tútù. Ọmọ máa jókòó, ó máa na apá rẹ̀ yíká kó rí i pé kò sí ẹni tí ọwọ́ òun lè kàn. Ọwọ́ tó di igi mú ló ń wọ ìbọ̀wọ́, èyí tó di ọ̀bẹ mú kì í wọ̀ ọ́, kó má baà yọ̀. Abẹ ń lọ síwájú kúrò lára, kì í bọ̀ wá síhà itan. A máa ń ka ọ̀bẹ kí a tó fún wọn, a sì máa ń kà á nígbà tí a bá gbà á padà. Ti ayùn, àgbàlagbà máa wà ní ìhà kan, ọmọ ní ìhà kejì, wọ́n á jọ máa fà á.

Ti iná náà ní òfin tirẹ̀. Omi nínú garawa gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ká tó dá iná. Ìtì igi la fi ń yí ibẹ̀ ká, ẹnikẹ́ni kì í gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn máa kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, kó lè tètè dìde sẹ́yìn bí ó bá ta pàrà. Òwú díẹ̀ ni wọ́n máa ń fi gba iná láti ara irin tí wọ́n ń ha. Mo ti rí ọmọ tó ha irin yìí títí apá fi ń ro ó, tí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò bẹ ẹ̀gẹ́, tí kò wá igi ìdáná, tí kò fẹ́ iná nídìí ààrò kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá? Àwọn ìyá wa gbà pé a lè ṣe é, wọ́n sì dúró tì wá títí a fi mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun kan náà ni èyí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti ara líle, torí ó kàn wá gan-an. Ojú àwọn ọmọ tó ń wo fóònù àti tẹ́lífíṣọ̀n tìlẹ̀kùn tìlẹ̀kùn ń bàjẹ́ káàkiri ayé. Ní Guangzhou ní Ṣáínà, àwọn olùṣèwádìí lo ilé-ìwé 12. Nínú ilé-ìwé mẹ́fà, wọ́n fi ogójì ìṣẹ́jú eré ìta kún ọjọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń jáde, bí 30 ni kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa mọ́, nínú àwọn tí kò jáde tó bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Wọn ò lo oògùn kankan, ìmọ́lẹ̀ ìta lásán ni. Ní Finland, wọ́n gbé ilẹ̀ igbó, ewéko rẹ̀ àti erùpẹ̀ rẹ̀, wá sínú ọgbà àwọn jẹ́léósinmi kan kí àwọn ọmọ máa ṣeré níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ 28, oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí tó wà lára àwọ̀ àwọn ọmọ náà ti pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ wọn sì fi hàn pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ara wọn ti ń ṣiṣẹ́ létòlétò jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. 2020 ni wọ́n gbé ìyẹn jáde. Ẹrẹ̀ tí a ń sá fún yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ti fítámì D yàtọ̀ díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Àwọ̀ wa dúdú, oòrùn ibí kò lágbára, láti October títí di March kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó ń fún ara ní fítámì D rárá. NHS, ètò ìlera ìjọba, gba ẹni aláwọ̀ dúdú níyànjú pé kó ronú nípa lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Igbó ò rọ́pò ìyẹn. Ẹ fún ọmọ ní fítámì rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó jáde.

Òtútù ńkọ́? Kòkòrò àìfojúrí ló ń fa ọ̀fìnkìn, inú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì ló sì ti máa ń rọrùn fún un jù láti ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara èkejì. Àmọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ tutù rínrin ń jìyà, òótọ́ nìyẹn, kò sì ní kọ́ ohunkóhun. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi mẹ́ta tó lé ara wọn sàn ju ẹ̀wù òtútù ńlá kan lọ. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, kì í ṣe ti òwú. Bàtà rọ́bà tó fi díẹ̀ tóbi, kí afẹ́fẹ́ lè wà nínú rẹ̀. Aṣọ òjò lókè àti sòkòtò òjò nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní èyí tí wọ́n ń yá ọmọ, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó náwó.

Irun, ẹ̀yin ìyá, mo gbọ́ yín. Ewé àti ẹ̀ka kéékèèké máa ń há sínú irun dídì, fìlà onírun àgùntàn sì máa ń fa ẹ̀gbẹ́ orí, ó sì máa ń mu òróró rẹ̀. Ẹ fi fìlà tí inú rẹ̀ jẹ́ sátínì sábẹ́, kí fìlà òtútù wà lókè. Bí ẹ bá mọ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ẹ dì í ní ṣùkú tàbí pàtẹ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kó má sí èyí tó ń já lulẹ̀. Ẹ sì sọ ọ́ fún olùkọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn rí.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹnu máa ń wúwo láti sọ. Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù igbó nítorí ohun tí a gbọ́ ní kékeré, iwin, ẹbọra, igbó orò. Àwọn mìíràn gbà pé ohun òkùnkùn ni wọ́n ń ṣe nínú igbó. Àwọn bàbá wa bẹ̀rù àwọn igbó kan lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò gé igi níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò pa ẹran níbẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣẹ́ kù, ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO fi sára àwọn ogún àjọni ayé ní 2005. Ṣùgbọ́n igbó yòókù, inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọdẹ ń sun ìjálá, ó ń ki ẹfọ̀n, ó ń ki erin, ó ń ki ọ̀bọ, ó mọ ìrìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn tó mọ igbó tó bẹ́ẹ̀ ni a ti ṣẹ̀ wá, àwa la wá bí ọmọ tí kò mọ igi kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìwádìí Natural England, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, sì ti fi hàn pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní orílẹ̀-èdè yìí kì í lọ sí àyíká igi àti ewéko tó bí ọmọ aláwọ̀ funfun ṣe ń lọ. Ìyẹn máa ń dùn mí. Owó orí wa wà nínú ìtọ́jú àwọn igbó yìí.

Nítorí náà, mi ò fẹ́ kí ẹ kàn fọwọ́ sí lẹ́tà ilé-ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ bá wọn lọ. Ìyá àgbà kan tẹ̀ lé kíláàsì wa lọ́jọ́ kan, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a ṣe wọ igbó ló rí ewéko tí wọ́n ń pè ní nettle, ó ní, “Ẹ ṣọ́ra o, èsìsì nìyí!” Kì í ṣe ọ̀kan náà gan-an pẹ̀lú ti ilé, ṣùgbọ́n ó rí irun wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀, ó sì mọ ohun tó lè ṣe sí ọwọ́ ọmọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé àwọn ará ibí máa ń já ọ̀mùnú rẹ̀ se ọbẹ̀ nígbà ìrúwé, pé bó bá ti gba omi gbígbóná kì í yúnni mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí òun ṣe máa fi ẹ̀gúsí sè é. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá a lóhùn nílé, wá ń fà á láṣọ láti igi dé igi, “Màmá, kí nìyí? Kí nìyí?” Nígbà tí a jókòó yí iná ká, ó ní “Àlọ́ o!” Àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n dáhùn, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ lé wọn, ó sì pa àlọ́ Àjàpá fún gbogbo kíláàsì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń túmọ̀ rẹ̀, ó dìde dúró láti ṣe é.

Ibo ni kí ẹ lọ? Ẹ̀yin tó wà ní Thamesmead àti Abbey Wood, igbó Lesnes Abbey wà lẹ́yìnkùlé yín. Àwókù ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tí wọ́n kọ́ ní 1178 wà níwájú rẹ̀. Ní March, òdòdó daffodil inú igbó máa ń yọ níbẹ̀, ní April sí May, bluebell máa ń bo ilẹ̀. Ẹ máa gba ojú ọ̀nà, torí bí a bá tẹ bluebell mọ́lẹ̀, ó lè tó ọdún bíi mélòó kan kó tó bọ̀ sípò. Ibì kan tún wà níbẹ̀ tí ọmọ lè fi asẹ́ kékeré yẹ iyanrìn wò, kó wá eyín ẹja ṣáàkì tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó lé ní mílíọ̀nù 50. Ẹ̀yin ará Woolwich àti Plumstead, Oxleas Wood ni tiyín. Igbó àtayébáyé ni, ìjọba fẹ́ la títì gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn ará àdúgbò ò gbà, wọ́n sì pa ètò náà tì ní 1993. Ẹ̀yin Peckham, ẹ lọ sí Sydenham Hill Wood, tí London Wildlife Trust ti ń tọ́jú láti 1982. Ojú irin àtijọ́ gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn àdán sì ń gbé inú ihò tí rélùwéè ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ yẹ ara ọmọ wò: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ẹ̀yìn etí, ìpìlẹ̀ irun. Eégbọn wà níbí bó ṣe wà nílé, òmíràn sì lè gbé àìsàn Lyme. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín mú un síbi tó sún mọ́ awọ ara jù, kí ẹ fà á sókè jẹ́jẹ́, ẹ má fi epo tàbí iná sí i. Bí ibẹ̀ bá wá ní àmì róbótó tó ń tàn káàkiri láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ lọ bá dókítà. Lára àwọ̀ wa, àmì náà kì í pọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó lè ṣòroó rí, nítorí náà ẹ wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ní ti ilé-ìwé, ẹ lọ bá ọ̀gá wọn, kí ẹ bi í ní nǹkan wọ̀nyí: ta ni ó ń darí rẹ̀, ṣé ó ti gba ẹ̀kọ́ ìpele kẹta? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni kíláàsì kan máa fi lọ, àbí ẹ̀ẹ̀kan péré ni? Ibo ni wọ́n ti ń tọ̀, ibo ni wọ́n ti ń fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun? Kí ni wọ́n ń ṣe bí ìjì bá ń jà? Èyí tó dára jù láti dáhùn ni pé àwọn kì í wọ abẹ́ igi nígbà tí atẹ́gùn bá le. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ní forest school torí kò sí ẹni tó máa tẹ̀ lé àwọn ọmọ, ẹ ní ẹ̀yin ń bọ̀. Wọ́n á ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò DBS, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ènìyàn ti dá ọ̀ràn rí, kì í gba òbí tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ lówó. Bí ìyá àgbà bá wà nílé, ẹ kọ orúkọ tiwọn náà sílẹ̀.

Àsìkò tó kù, ìbéèrè yín ni mo fẹ́ gbọ́.